Kéèsì Tí Mo Rà Nítorí Ohùn Màmá Mi

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu màmá mi ni ara mi ò ti lélẹ̀ mọ́. Àdúrà òwúrọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n gbà ní pálọ̀ wa, tí mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, inú kọ̀ǹpútà tí òjò pa ló wà. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí pólì níbí ní Ẹdẹ yọ SSD inú rẹ̀, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pa mọ́ sí, ó pẹlẹbẹ bíi bisikíìtì. Ó ní òjò ò dé ibẹ̀. Kí n ṣáà wá kéèsì tí a ó fi í sí, tí màá lè so mọ́ ògbólógbòó kọ̀ǹpútà tó wà nílé.

"Àǹtí, ẹ mú un dání lọ sọ́jà o. Oríṣiríṣi ni wọ́n."

Mo ti gun ọ̀kadà kó tó sọ ọ́ tán.

Ẹni tó ń ta kéèsì bi mí bóyá ojú kan ni wọ́n gé lára ẹnu SSD mi tàbí ojú méjì. Ta ló ń wo ìyẹn? Mo mú èyí tó sún mọ́ mi jù. Nígbà tí mo padà dé, kò wọlé. Mo fẹ́ tì í tipátipá, ọkùnrin náà gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Àǹtí."

Mo pòṣé, mo ní kó fi òwe sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó di SSD náà sínú bébà fún mi, ó sì rán mi létí pé kí n béèrè wáyà tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, torí kọ̀ǹpútà ilé wa ò mọ ti ìgbàlódé.

Mo padà sọ́jà lọ pààrọ̀ kéèsì náà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tí mo délé, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo gbé e síwájú màmá mi lórí àga wọn. Ohùn wọn jáde, ó mọ́ gaara, wọ́n ń sáré gbàdúrà kí n má baà pẹ́ níbi iṣẹ́. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Mo yíjú sí wọn. Ètè wọn ń gbọ̀n, wọ́n fẹ́ bá ohùn náà lọ, àmọ́ ó ti ń já wọn sílẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ wọn tó ṣì lágbára, wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà dé.

Láti ọjọ́ tí mo ti ń sáré kiri yẹn, màmá mi ṣì lè mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mi ò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn náà.