Ejò Tí Mo Rà Nítorí Àbúrò Ọkọ Mi

Ọdún kejì tí ọkọ mi kú ni mo gun ọ̀kadà lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Tápà, mo ní mo fẹ́ ra ejò. Ejò ààyè o. Bàbá ọdẹ tí wọ́n júwe fún mi wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ọbẹ̀ ni àbí àgbo?"

Mo ní kì í ṣe èyíkéyìí, mo fẹ́ máa tọ́jú rẹ̀ nínú ilé bí ẹni tó ń sin ajá ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ó gbá ẹ̀rín rẹ̀ mú, ó ní, "Kí ló dé?" Mo ní ó wù mí ni. Irọ́ ni mo pa.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àbúrò ọkọ mi ni mo fẹ́ fi lé. Láti ìgbà tí a ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń wá sílé mi láràárọ̀, kí agogo méje tó lù. Kò ní mú nǹkan kan wá, kò ní béèrè nǹkan kan. Á ní, "Ìyàwó wa, ṣé dáadáa lẹ jí?" Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, á wo fèrèsé, á wo òrùlé, á sì gba oko lọ. Kí lèèyàn ń wo òrùlé olórùlé sí láràárọ̀? Iléṣà ni mo ti wá, iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi dé Erúwà tí mo fi fẹ́ ọmọ ibẹ̀, mo sì ti rí opó tí ẹbí ọkọ fi ẹ̀rín lé jáde nílé. Mo ní èyí ń fojú wọn ilé mi ni. Lẹ́nu, ọkọ mi ni mò ń pè é, bó ti yẹ kí obìnrin ilé máa pe àbúrò ọkọ. Nínú, èpè ni mò ń ṣẹ́.

Ọkọ mi ti sọ fún mi rí pé kò sóhun tó ń ba àbúrò òun lẹ́rù tó ejò. Bó bá rí rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi nínú koríko, á fò sókè. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọgbọ́n kọ́.

Bàbá ọdẹ gbé apẹ̀rẹ̀ méjì jáde. Ọmọ erè ló wà nínú ọ̀kan. Kó tó ṣí i tán ni ejò náà ti ń mí fùù, ó ta sí ìdérí, pàá! Mo fò sẹ́yìn. Inú mi dùn gan-an. Mo ní, "Èyí ni mo fẹ́."

Bàbá ṣí èkejì. Òjòlá ni, irú tí kì í tóbi, kò gùn ju apá mi lọ. Ó ti ká ara rẹ̀ jọ rogodo, ó ki orí bọ àárín.

"Ṣé èyí ń sùn ni?"

"Ẹ̀rù ló ń bà á."

"Erè tó ń ta yẹn wá ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ń ba òun náà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi hàn ni ò jọra. Erè yìí á sì dàgbà kọjá agbára yín, ewúrẹ́ ni yóò máa gbé mì." Ó wá ní, "Tíṣà, ta lẹ fẹ́ kó máa bẹ̀rù yín?"

Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ ta ọjà yín, ẹ má yẹ̀ mí wò!" Ó ní òun ò ní ta erè fún ẹni tí inú ń bí. Bó bá jẹ́ òjòlá, kí n jókòó, kí n gbé e lé itan, kí n má ṣe nǹkan kan. Mo jókòó, mo ń kùn. Ó pẹ́ gan-an kí ejò náà tó yọ imú. Ó yọ ahọ́n, ó fi kan àtẹ́lẹwọ́ mi, ó wá ń fà díẹ̀díẹ̀ gba ọrùn ọwọ́ mi lọ. Mi ò mira. Òun ni mo gbé wálé.

Bàbá kọ́ mi ní ìtọ́jú rẹ̀: eku kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, omi, àti ìkòkò fífọ́ tó lè sá sí. Bó bá ti jẹun, kí n má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì. Bó bá kọ oúnjẹ, kí n má fi ipá mú un. Ó wá ní, "Kò ní fẹ́ràn yín o. Ejò kì í fẹ́ràn èèyàn. Oore tó pọ̀ jù tó lè ṣe fún yín ni pé kí ẹ̀rù yín má bà á mọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ejò kọ́rùn, mo jókòó dè é. Àbúrò ọkọ mi yọ, ó ní "Ìyàwó w..." Kò parí rẹ̀! Sálúbàtà rẹ̀ kan ṣẹ́ kù sẹ́nu ọ̀nà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Àwọn ìyá ìjọ ní kí n wá fún àdúrà. Mo ní kí wọ́n gbàdúrà fún àwọn eku.

Fún oṣù méjì, ẹnikẹ́ni ò dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ń wo ejò mi. Ó ti ń jẹun lọ́wọ́ mi, kì í tètè ká kò mọ́, mo sì ti fẹ́ràn rẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, bí mo bá rí bẹ́ǹṣì yẹn lófìfo láàárọ̀, ó máa ń ṣe mí bákan.

Ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ mọ́jú, mo ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀, ẹsẹ̀ mi yọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ìbàdí lélẹ̀, gbì! Mi ò lè dìde. Fóònù wà ní yàrá. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Àpótí tí mo ń sin ejò sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, mò ń wò ó, kò sí ohun tó lè ṣe. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Mi ò mọye ọmọ kíláàsì tí mo ti fi òwe yẹn kọ́. Orí sìmẹ́ǹtì ló ti wá yé èmi fúnra mi.

Oòrùn ti ń ga nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó wa! Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Mo ní mo ti ṣubú o.

Ó ní, "Ejò yẹn ńkọ́?"

"Ó wà nínú àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí."

Ó pẹ́ débi pé mo ní ó ti lọ. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tó ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Ó wọlé, ó fẹ̀yìn ra ògiri, òógùn bo ojú rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn kọjá, ó gbé mi.

Nígbà tí mo jókòó tán, mo bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní, "Fèrèsé yín ò ṣí." Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun tó kú, ó ti kìlọ̀ fún òun pé òun ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan mọ́ láìmọ̀ bóyá mo jí. Láti ìgbà tí ejò ti dé, abẹ́ igi káṣú òdìkejì títì ló ń dúró sí láràárọ̀. Bí fèrèsé mi bá ti ṣí, á gba oko lọ.

"Òrùlé tí ẹ máa ń wò ńkọ́?"

"Ó ń jò níbì kan. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín. Ẹnu yín mú."

Háà! Ojú tì mí. Mo sunkún níwájú rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí ìbàdí.

Nígbà tí ara mi yá, mo ní màá dá ejò náà padà fún bàbá ọdẹ. Àbúrò ọkọ mi ló ní kí n má dá a padà: "Kò ṣẹ̀ mí. Ẹ ṣáà tì í mọ́bì kan." Mo gbé àpótí lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo fi àgádágodo tì í, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó ní lé e lọ́wọ́, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó lè ṣí i lẹ́yìn òun. Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ rí ejò mi, àfi kí n dúró dè é kó mú kọ́kọ́rọ́ wá. Bí agogo méje bá ti lù tí mi ò tíì rí i, èmi ni mo máa ń dúró lójú fèrèsé, tí mò ń wo ọ̀nà.