Amí Inú Sinimá àti Àgádágodo Ìyá Mi

Ẹ má bá mi sọ pé sinimá dára. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo wò láyé mi, ó sì ti tó mi. Ìtàn obìnrin kan ni, amí, tí àwọn èèyàn rẹ̀ ní kó lọ máa bá ọ̀gá ṣójà àwọn ọ̀tá sùn, kó lè mọ ọ̀nà tí ogun yóò gbà wá. Ìsọkúsọ! Ṣùgbọ́n ìsọkúsọ náà bá wa wọlé ọkọ mi, ohun tó sì bà jẹ́ lọ́wọ́ mi kì í ṣe kékeré.

Ìlọrà ni wọ́n bí mi sí, Fìdítì ni mo lọ́kọ sí. Èèyàn ò tíì jókòó dáadáa nínú mọ́tò kó tó dé. Kí òmìnira tó dé, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé ẹgbẹ́ wo ni bàbá mi ń ṣe. Àfi bí òṣèlú ṣe dé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun ilé ara wọn. Bàbá mi di àgbà ẹgbẹ́ kan ní Ìlọrà, ilé ọkọ mi sì wà nínú ẹgbẹ́ kejì tọmọ tàgbà. Àbúrò ọkọ mi gan-an ni akọ̀wé wọn.

Akọ̀wé náà ni mo ń pè é. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ lo bá níbẹ̀, ọkọ rẹ ni. Mo dàgbà ju ọmọkùnrin yìí lọ dáadáa, síbẹ̀ orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí i láràárọ̀: "Akọ̀wé, ẹ káàárọ̀ o." Èmi ni mo sì rán ṣòkòtò tó ń wọ̀ lọ sípàdé ẹgbẹ́, nítorí iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé wa.

Nígbà tí sinimá náà fi máa dé, mo ti lóyún lẹ́ẹ̀mejì tí kò dúró. Òmíràn ti wà lára mi. Èmi, ọkọ mi àti ìyá mi nìkan la mọ̀. Ẹni tí oyún ti bọ́ lára rẹ̀ rí kì í kéde, ẹnu ayé kò dára. Mo kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kí ti ọ̀tẹ̀ yìí dúró.

Ọkùnrin kan ló gbé ẹ̀rọ sinimá wá láti Ìbàdàn. Ilé kan tí wọ́n ń kó kòkó sí ló gbà, ó fi ẹní dí gbogbo fèrèsé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó sì kó wa síbẹ̀ bí ẹran. Ooru! Òórùn kòkó lọ́tùn-ún, òórùn àágùn lósì. Diákónì ìjọ wa ló jókòó síwájú pátápátá. Bí obìnrin amí náà bá ti ń tú aṣọ, ẹlẹ́rọ á fi fìlà bo ojú ẹ̀rọ, àwọn èrò á sì hó pé kó ṣí i. Diákónì náà hó. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete.

Kí ni mo tilẹ̀ rí tó dára níbẹ̀? Ọ̀gá ogun tó ń ka àṣírí ogun fún obìnrin lórí ibùsùn! Nílé bàbá mi, ọdẹ tó bá fẹ́ wọgbó kì í súnmọ́ aya ara rẹ̀, ká má tíì sọ àlejò. Obìnrin náà ń wọlé, ó ń jáde, kò sẹ́ni tó bi í pé ọmọ ta ni. Èmi tí mo bá yà sí òdìkejì ọ̀nà lọ tọrọ ẹ̀yinná, gbogbo àdúgbò á ti mọ̀ kí n tó padà. Aṣọ tó wọ̀ há débi pé kò lè kúnlẹ̀ kí àgbà. Ìgbà tó yá, ó ní òun fẹ́ràn ṣójà náà, òun ò mọ ẹ̀yìn ẹni tí òun wà mọ́, ó wá ń sunkún kiri. Àwọn èèyàn rẹ̀ yìnbọn pa á níkẹyìn. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, ọkọ mi, odindi tíṣà, ló ń fi áńkáṣífù nu ojú. Ẹ gbà mí! Akọ̀wé ò sunkún ní tirẹ̀. Ó yíjú padà láti iwájú, ó ń wò mí.

Láti ọjọ́ náà ló ti di ọlọ́pàá. Tí mo bá lọ kí àwọn òbí mi ní Ìlọrà, á dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó, kí lo bá wọn sọ?" Tí mo bá ń kọrin nídìí ẹ̀rọ mi, á dúró gbọ́ ọ parí. Mo fẹjọ́ sun ọkọ mi, ó ní ọmọdé ló ń ṣe é. Ọmọdé tó ti ń fá irùngbọ̀n!

Ó wá ṣe, ìyá mi di ẹrù fún dẹ́rẹ́bà kan tó ń ná ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn, pé kó já a fún mi. Akọ̀wé gbà á níbùdókọ̀. Dípò kó gbé e fún mi, ó gbé e sí pálọ̀, ó pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ó pe èmi àti ọkọ mi. Ó tú u. Èlùbọ́ ni, àti ewé àgbo, àti àgádágodo kékeré kan tí wọ́n fi òwú dúdú wé. Ó tì pa, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

"Àrokò rèé!" ló pariwo. "Wọ́n ní kó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa kí wọ́n wá dáná sun wá!" Ó ní ṣebí inú òrùka ni obìnrin inú sinimá ń tọ́jú iṣẹ́ tó ń jẹ́ sí, ohun tí wọ́n bá kọ sí mi á wà nínú àgádágodo. Ó ní kí wọ́n gbé òòlù wá.

Ìyá mi ló bá mi de oyún. Tí oyún bá ń bọ́ lára obìnrin, àwọn àgbà á ti àgádágodo nítorí rẹ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí aboyún ló ń wà, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ ẹni tó dè é, ó di ọjọ́ ìrọbí kí wọ́n tó ṣí i. Ọkọ mi mọ̀. Mo wojú rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ti tó. Ṣùgbọ́n tíṣà ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ ilé òun, ló bá gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ọkùnrin tó sunkún fún obìnrin ara ògiri! Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

"Akọ̀wé, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọ́ ọ," ni mo ní. "Ẹ jẹ́ kí Màmá yín wò ó ná."

"Ẹ ò rí i? Ẹ̀rù ti ń bà á."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní oyún ni, oyún ni, ṣùgbọ́n òòlù ti balẹ̀. Àgádágodo fọ́. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju irin tó ti dípẹtà lọ. Ariwo ló mú ìyá ọkọ mi jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Ó rí òwú dúdú nílẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Ta ló lóyún nílé yìí?"

Ó wò mí lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Oyún náà kò dúró. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi l'Ọ́yọ̀ọ́ ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgádágodo, pé ara mi ni kò gbà á. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, n ò bá a jiyàn. Ìyá mi kò bá a jiyàn náà. Ó kàn ń di kọ́kọ́rọ́ yẹn mọ́ etí ìró rẹ̀ kiri Ìlọrà ni, kọ́kọ́rọ́ tí kò ní nǹkan tó máa ṣí mọ́.

Nígbà tí mo padà sí Fìdítì, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi. Ìyá ọkọ mi ń bẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó nítòsí, ọkọ mi ń ka ìwé ìròyìn. Akọ̀wé wọlé, ó ju aṣọ sórí ẹsẹ̀ mi. Kò ní pẹ̀lẹ́, kò ní mo ṣẹ̀.

"Ìyàwó, bá mi fi rán ṣòkòtò. Ìpàdé wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀."

Mo mú aṣọ náà, mo fi lé ilẹ̀. Mo wá la ẹnu mi, mo pe orúkọ rẹ̀, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ tó pé ọjọ́ mẹ́jọ láyé, tí ìyàwó kan ò pè nílé náà rí.

Ọkọ mi dìde. Akọ̀wé yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ń retí kó bá mi wí. Ìyá náà kò dá ọ̀bẹ dúró.

"Wọ́n ń pè ọ́," ló ní. "Ṣé o dití ni? Dáhùn."

Mo tún un pè.

Ó ní, "Mà?"