Ọmọ Ológbò Mẹ́ta àti Oògùn Ajá

Mo rántí òórùn ọṣẹ tá a fi ń fọ abọ́ àti ti irun tútù, bó ṣe máa ń kún ilé ìdáná mi ní Fort Washington l'Amẹ́ríkà lọ́sàn-án, nígbà tí ewé tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí igi, tí oòrùn á gba ojú fèrèsé wọlé pẹ̀lẹ́, tí gbogbo nǹkan á sì rí bí ẹni pé inú omi la wà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ sí ọsibítù nígbà náà, wákàtí méjìlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì gbà lọ́kàn mi pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè kọ́ mi nípa oògùn.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ mi. Oṣù díẹ̀ ṣáájú la sin bàbá mi n'Íbàdàn, mo sì ní kí màmá wá bá mi gbé kí ilé tí wọ́n jọ gbé níbẹ̀ má baà tóbi jù fún wọn. Láti ọjọ́ ìsìnkú, màmá ò sunkún, wọn ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀. Tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa fi wọ́n sílẹ̀ lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n á máa wo igbó kékeré tó wà láàárín ilé wa àti odò Potomac. Tí mo bá dé, ibẹ̀ náà ni mo máa bá wọn. Wọ́n á ní àwọn ti jẹun, ọbẹ̀ á sì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo dé, mi ò bá màmá lórí àga. Ilẹ̀ ilé ìdáná ni wọ́n jókòó sí, ẹrẹ̀ wà lórúnkún wọn, ọmọ ológbò mẹ́ta sì wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí mo máa ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí. Ológbò kan tí kò nílé ló bí àwọn ọmọ náà sábẹ́ pèpéle onípákó tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ó ti di ọjọ́ kejì tí ìyá wọn ò padà wá, ẹkún àwọn ọmọ náà sì ni màmá gbọ́. Màmá tí orúnkún ń dùn ló rá wọ abẹ́ pákó lọ kó wọn jáde. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan rí bí eérú, ọ̀kan pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí èyí tó ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

"Màmá," mo ní, "ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. A ò mọ àrùn tó wà lára wọn."

Wọ́n wò mí. "Àwọn tó ò ń tọ́jú ní ọsibítù ńkọ́? Ṣé o máa ń kọ́kọ́ mọ àrùn tó wà lára wọn kó o tó fọwọ́ kàn wọ́n ni?"

Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu màmá lóṣù náà nìyẹn.

Kò pẹ́ tá a fi rí i pé ara ń yún àwọn ọmọ náà gan-an. Eégbọn méjì lẹ̀ mọ́ etí èyí dúdú. Èmú kékeré ni mo fi yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà nínú irun gbogbo wọn, dúdú, wẹ́wẹ́, bí iyèré tí wọ́n lọ̀ kúnná. Màmá gbọn díẹ̀ sórí bébà ìnuwọ́ tó tutù. Díẹ̀díẹ̀, bébà náà di pupa.

"Ẹ̀jẹ̀ ni," màmá wí. "Kòkòrò tó ń fò kiri lára wọn yìí ló ń mu ún."

Mo la ẹnu èyí tó rí bí eérú. Èrìgì rẹ̀ funfun bí ẹfun. Mo mọ àwọ̀ yẹn dáadáa, mo ti rí i lẹ́nu àwọn ọmọdé tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti gbẹ. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó kù lára àwọn ọmọ wọ̀nyí ò pọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Oxon Hill, mo sì mú oògùn àkọ́kọ́ tí mo rí tó ní òun ń pa eégbọn àti kòkòrò tó ń fò. Àwòrán ajá ńlá kan wà lára páálí rẹ̀. Kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi. Mo gbé bébà, mo ṣírò bí ajá ṣe wúwo tó àti bí ọmọ ológbò ṣe wúwo tó, bá a ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọdé ní ọsibítù. Inú mi dùn sí ìṣirò yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ajá ni mò ń wò lára páálí yìí," màmá ní.

"Màmá, kòkòrò kan náà ni. Mo ti dín in kù."

"Dín in kù bó o ṣe fẹ́, oògùn ajá ṣì ni. Alábèèrè kì í ṣìnà. Pe ẹnì kan, kó o bi í."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo kán oògùn náà sẹ́yìn ọrùn èyí pupa, torí òun ló lágbára jù. Kí n tó nawọ́ sí èkejì, màmá ti gbé àwọn méjì tó kù, wọ́n sì fi ìró wọn bò wọ́n. "Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo tẹni àkọ́kọ́ ná."

Ìró yẹn ló gba ẹ̀mí méjì là. Oòrùn ò tíì kúrò lójú fèrèsé tí etí èyí pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo ara rẹ̀, bí ewé tó ń mì níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Mo wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, màmá gbé e dání lórí àga ẹ̀yìn. Lójú mi, ọ̀nà yẹn ò fẹ́ tán. Òdòdó funfun ń já bọ́ lára igi sórí gíláàsì ọkọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé kò sí ohun tó ń kánjú láyé yìí.

Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti dàgbà díẹ̀, ni dókítà náà. Ó ka ara páálí, ó sì dijú díẹ̀. "Ara ajá lè gba èyí," ó ní. "Ara ológbò ò lè gbà á. Díẹ̀ nínú rẹ̀ pàápàá, májèlé ni."

Dókítà àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ wẹ̀ ẹ́ lórí tábìlì, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi aṣọ gbígbóná wé e. Màmá gbé ìka kan lé e lórí. Ó mí, ó tún mí, kò sì mí mọ́.

Ìgbà yẹn ni màmá sunkún. Mo kọ́kọ́ rò pé ológbò ni wọ́n ń sunkún fún, títí mo fi gbọ́ oríkì bàbá mi lẹ́nu wọn. Dókítà rọra jáde, ó fi wá sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Ìfẹ́ ló gbé oògùn náà dání," wọ́n ní nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀. "Ìgbéraga ló dí ẹ létí. Dìde. Méjì ń dúró dè wá nílé."

Dókítà kọ́ wa ní ohun tó yẹ kí n ti bèèrè. Àwọn méjì náà ṣì kéré sí oògùn èyíkéyìí tí wọ́n ń kán sára. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ ni ká fi wẹ̀ wọ́n, ká bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn kí kòkòrò má baà sá lọ sójú. Ká fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya irun wọn, ká máa ri òòyà náà bọ omi ọṣẹ kí kòkòrò tó bá kó lè kú. Ká nu wọ́n gbẹ kíákíá kí òtútù má mú wọn. Ká fi omi gbígbóná fọ aṣọ tí wọ́n ń sùn lé. Ó tún fún wa ní oògùn aràn, torí ológbò tó bá gbé kòkòrò náà mì lè ti ibẹ̀ kó aràn sínú.

Màmá sọ iṣẹ́ náà di tiwọn. Lọ́sọ̀ọ̀sán, wọ́n á jókòó nínú oòrùn ilé ìdáná, òòyà lọ́wọ́, ọmọ ológbò lórí itan, wọ́n á máa sọ fún un bí bàbá mi ṣe máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá kí wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́mọge. Èmi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò ní mira, kí n má baà já ọ̀rọ̀ náà gé. Nígbà tó yá, èrìgì àwọn ọmọ náà pọ́n, wọ́n sì dàgbà tó oògùn tiwọn, èyí tí dókítà wọ̀n fún wọn fúnra rẹ̀. Màmá ti ń jẹun nígbà yẹn.

Ó ti pẹ́. Mo ti di àgbà níbi iṣẹ́, èmi ni wọ́n ń fi àwọn nọ́ọ̀sì tuntun lé lọ́wọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń kánjú, tó ní òun ti mọ̀ ọ́n, mo máa ń rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo máa ń ní kó ka ohun tó wà lára páálí oògùn náà sókè fún mi. Wọ́n gbà pé mo le jù. Mi ò sọ ẹni tó kọ́ mi fún wọn rí, tàbí bí ọmọ ológbò pupa yẹn ṣe fúyẹ́ tó lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbé e kúrò lórí tábìlì dókítà.