Èèpo Ọsàn ní Euless

Ẹnikẹ́ni tó bá bó ọsàn nítòsí mi ní ọ́fíìsì, màá ní kó gbé e jáde. Wọ́n ní mo burú. Mo gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí mo wà ní kékeré, Mọ́mì wa ọkọ̀ lọ sí Euless ní Texas, lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n páàkì síbi tí bàálù ti ń rẹlẹ̀ kọjá lórí ẹni. Ooru mú, wọ́n sì sọ gbogbo gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀. Bí bàálù àkọ́kọ́ ṣe bú lórí wa, mo kó sábẹ́ ìjókòó. Mọ́mì fà mí jáde lápá.

"Gbójú sókè. Ṣé ó fẹ́ pa ẹ́ ni?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Wọ́n bó ọsàn, wọ́n fún èèpo rẹ̀ sí mi nímú, bí àwọn ìyá ṣe máa ń ṣe fún ọmọ tí èébì máa ń gbé nínú ọkọ̀. Oje rẹ̀ ta mí lójú.

"Máa gbóòórùn ẹ̀. O ò ní dójú tì mí nínú bàálù lójú ọ̀nà Ìbàdàn."

Mo sunkún títí ó fi sú mi. Nígbà tó yá, bàálù kan kọjá, mi ò ṣẹ́jú. Mọ́mì gbá mi mọ́ra, ó pẹ́ kí wọ́n tó fi mí sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jókòó létí wíńdò tá a bá ń lọ."

Wọ́n ní, "O ṣé."

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Ìbàdàn, torí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà, tèmi nìkan ni.