A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kí Wọn Ni

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ ní ilé aṣòfin, aṣọ tí wọ́n fún mi tóbi jù mí lọ, àmọ́ àga tí wọ́n fún mi kéré. Ẹnu ọ̀nà yàrá ìgbìmọ̀ kan báyìí ni wọ́n gbé àga náà sí, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ará ìlú. Plántọ̀n ni wọ́n ń pe irú wa ní Àbíján: ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń gbé ìwé láti tábìlì kan dé èkejì, tó sì ń dìde nígbàkigbà tí ẹni tó wọ táì bá ń kọjá. Bàbá Kòné, arúgbó ẹ̀yà Júlà tí mo wá gba ipò rẹ̀, ló fi iṣẹ́ hàn mí.

"Làmídì," ó ní, "iṣẹ́ yìí kò le. Bí wọ́n bá ní kí o gbé ìwé lọ, gbé e lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìwé ẹ̀bẹ̀ kì í sáré. Èyí tó bá sáré, ó ti ṣìnà nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà odò kò lè mọ ibi tí omi ti sọnù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀dùn ọkàn, tó ké pe ọ̀gá kékeré tí kò gbọ́, tó ké pe ọ̀gá ńlá tí kò dáhùn, ó lè kọ̀wé sí àwọn aṣòfin. Màdáàmù Akísì, akọ̀wé ìgbìmọ̀, ni yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ṣeé gbà: ṣé orúkọ wà níbẹ̀, ṣé wọ́n tẹ ìka síbẹ̀, ṣé wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Bó bá ṣeé gbà, ìgbìmọ̀ á yan ọ̀kan nínú wọn kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni yẹn á béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tọ́rọ̀ kàn. Ilé iṣẹ́ ìjọba á bi ẹ̀ka tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ka á bi ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn gan-an. Ẹni yẹn á dáhùn tọkàntọkàn pé kò sí wàhálà kankan. Ìdáhùn náà á wá gòkè padà bó ṣe sọ̀kalẹ̀, wọ́n á máa lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn níbi gbogbo tó bá yà sí. Nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ wa, òǹtẹ̀ ti pọ̀ lára rẹ̀ débi pé ojú á ti èèyàn láti má gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìpinnu. Wọ́n lè pe àwọn ẹlẹ́bẹ̀ wá sọ tẹnu wọn. Wọ́n lè ti ọ̀rọ̀ náà sọ́dọ̀ mínísítà. Wọ́n sì lè pa ẹjọ́ náà dé, kí èmi gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó wà lẹ́yìn àga mi. Lẹ́yìn ìyàwó mi, kò sí ohun tí mo bá gbé pẹ́ láyé tó kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, òun náà kì í sì í dá ohun tó bá ti gbà padà.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́ ti àwọn obìnrin alábọ́ ní ọjà Àjàmé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni wọ́n, wọ́n ń ta abọ́ tánganran, ike àti ìkòkò lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ọ̀nà tóóró kan ni àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tí kì í kún, máa ń gbà wọ ọ̀dọ̀ wọn. Ilé iṣẹ́ kan tó ní ilé ìkẹ́rùsí nítòsí ibẹ̀ jí lọ́jọ́ kan, ó mọ ògiri dí ọ̀nà náà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ra abọ́ níbẹ̀ ní láti yí gbogbo ọjà po. Ta ni yóò yí ọjà po nítorí abọ́ tó lè rà lójú títì? Ọjà wọn kú. Ìyá Ráfíù ni olórí wọn, opó ni, ìsọ̀ yẹn nìkan ló fi ń bọ́ ilé. Ó ní bí ògiri náà bá fi lè dúró di ìgbà òjò kejì, àwọn á palẹ̀ mọ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí ọmọ òun ò tíì dé rí.

Wọ́n kọ̀wé. Ìgbìmọ̀ jókòó lé e. Ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin béèrè pé, "Ṣé ọmọ ìlú yìí tiẹ̀ ni wọ́n?"

Alága wò ó. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni alága wa, ó sanra díẹ̀, ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Ó ní, "Ògiri náà béèrè ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ wọn kó tó dí wọn lọ́nà?"

Wọ́n bá gba ẹjọ́ náà. Ìwé sọ̀kalẹ̀, ìwé gòkè. Ilé iṣẹ́ tó mọ ògiri dáhùn pé ààbò àwọn obìnrin náà gan-an ni òun rò, pé láti ìgbà tí ògiri ti wà, olè kò jà níbẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni. Kí ni olè fẹ́ wá ṣe níbi tí oníbàárà kò dé?

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn obìnrin náà wá. Èmi ni wọ́n ní kó máa túmọ̀, nítorí kò sí ẹlòmíì tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ìyá Ráfíù wọlé, ó kúnlẹ̀. Àwọn yòókù kúnlẹ̀ tẹ̀ lé e bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá tẹ oko àgbàdo.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. A dúpẹ́ ìwé tí ẹ fi pè wá. A dúpẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ ò lé wa lẹ́nu géètì. A dúpẹ́ atẹ́gùn tútù tí ẹ̀rọ yín ń fẹ́ sí wa lára lọ́fẹ̀ẹ́. Ọwọ́ òfo ni àwọn bàbá wa fi dé ìlú yìí, ìlú yìí fún wọn níbi ìsọ̀. Àga tí ẹ jókòó lé ò ní yẹ̀ mọ́ yín nídìí o!"

"Àmín!" ni gbogbo wọn ń dáhùn.

Mo ń túmọ̀, òógùn ń bọ̀ lójú mi nínú òtútù. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Ìdí tó fi ń dúpẹ́ nìyẹn: ó ń la ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ alága, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó bí alága, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Màdáàmù Akísì tó ń kọ̀wé, ó ní ọwọ́ rẹ̀ ò ní rọ. Alága bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wà lórí àga yẹn, ariwo ni àwọn èèyàn ń wá pa mọ́ òun. Bí Ìyá Ráfíù ṣe mí kanlẹ̀ kó tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ògiri, alága gbá agogo orí tábìlì.

"Ìgbìmọ̀ ti gbọ́ pé inú àwọn ẹlẹ́bẹ̀ dùn. A pa ẹjọ́ dé."

Àwọn aṣòfin pàtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin náà bá wọn pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ìkíni ló ń dá ìkíni lóhùn. Mo sáré bá Màdáàmù Akísì.

"Màdáàmù, wọn ò tíì sọ nǹkan kan o!"

"Làmídì, mo kọ ewé ìwé tó kún. Ìwọ lo túmọ̀ ẹ̀."

"Ìkíni nìyẹn!"

"Ẹni tó bá ń dúpẹ́ kò ní ẹjọ́. Alága sì ti gbá agogo."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá Ráfíù nínú ọgbà, ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣeré ni. Ó di ọwọ́ mọ́rí. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí wọn ni! Làmídì, ṣé ẹ kì í kí ara yín níbí yìí ni? Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ògiri, wọn ò ní sọ pé n ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé?"

Òfin sọ pé ẹjọ́ tí wọ́n bá ti pa dé, àfi bí ohun tuntun bá ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó lè ṣí i. Ohun tuntun wo ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí ògiri? Òjò dáhùn. Ó rọ̀ títí, omi dé ògiri, kò rọ́nà lọ, ó bá padà sínú ìsọ̀. Abọ́ tánganran ń léfòó kiri bí pẹ́pẹ́yẹ. Wọ́n kọ̀wé míì. Bàbá Kòné, tó wá kí mi lọ́jọ́ náà, ní, "Mo sọ fún ẹ. Òjò ni ó mọ̀wé jù nílé yìí."

Mo bá kó àwọn obìnrin náà jọ sí ilé mi ní Màkọrí. Mo ní, "Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má kí ẹnikẹ́ni."

Ilé dàrú. "Kí n wọlé tọ ẹni tó tó ọkọ mi, kí n má kí i?" ni Ìyá Ráfíù wí. "Kí n dúró ṣánṣán bí òpó iná?"

Mo jókòó bí alága kí a lè dán an wò. Ó jáde, ó wọlé, ó ti ń kúnlẹ̀ kí n tó yanu. Ó tún jáde. Ó tún wọlé. Orúnkún rẹ̀ kò gbà. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi obì sẹ́nu. Ẹni tó ń jẹ obì kì í lè sọ̀rọ̀ púpọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn.

Ní ọjọ́ ìpè, alága ti pe aṣòfin méjì míì wá gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn. Ó tún táì rẹ̀ ṣe. Àwọn obìnrin wọlé, wọ́n jókòó. Kò sí ẹni tó kúnlẹ̀. Gbogbo wọn ń jẹ obì, ojú wọn kan. Alága dúró de ọpẹ́. Ọpẹ́ kò dé.

"Làmídì, ṣé ara wọn ò yá ni?"

"Ara wọn yá, ọ̀gá. Ẹjọ́ ni wọ́n gbé wá."

Ìyá Ráfíù gbé obì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. "Ògiri dí wa lọ́nà. Omi kó abọ́ wa lọ. Ó tán."

Ojú alága yí padà. Ó bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Kí la fi ṣẹ̀ wọ́n?" Ọ̀rọ̀ dídùn tó sọnù yẹn dùn ún ju omi àti ògiri lọ. Ó ní kí wọ́n gbé mọ́tò, a máa lọ wo ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mọ́tò kò wọlé, ògiri dí i. A sọ̀ kalẹ̀, a yí ọjà po bí oníbàárà, nínú ẹrẹ̀, láàárín alábàárù tí kò mọ aṣòfin yàtọ̀. Ẹrẹ̀ gba ẹsẹ̀ kan nínú bàtà alága, kò dá a padà. Nígbà tó dé iwájú ìsọ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, Ìyá Ráfíù bu omi sínú abọ́ tánganran, ó gbé e síwájú rẹ̀ kó fi ṣan ẹsẹ̀. Síbẹ̀, kò kí i. Orúnkún rẹ̀ ti fẹ́ tẹ̀, ó yára nàró.

Alága ń ṣan ẹsẹ̀, ó ń wo ògiri. "Ta ló mọ nǹkan yìí?" ó bi mí, bí ẹni tí kò tíì ka ìwé olóǹtẹ̀ rí.

Ìwé tó jáde lọ́tẹ̀ yẹn sáré. Bàbá Kòné ì bá ní ó ti ṣìnà. Kí òjò tó dáwọ́ dúró, ilé iṣẹ́ náà ti lu ihò sára ògiri, ó fẹ̀ débi tí ẹni tó gbé igbá lórí á fi lè gbà á kọjá. Oníbàárà padà. Ìyá Ráfíù kò palẹ̀ mọ́.

Ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó yá, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀. "Làmídì, ṣé ẹjọ́ wa ti parí pátápátá?"

"Ó ti parí, Ìyá."

"Ṣé mo lè kí wọn wàyí?"

Mo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó kúnlẹ̀ gbì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ń bọ̀: ìkíni ọjọ́ tó jẹ obì, ìkíni ọjọ́ ẹrẹ̀, ìkíni bàtà tó sọnù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ihò ara ògiri. Ojú alága tàn bí fìtílà. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́ láti máa mi orí, ó na ọwọ́ sí agogo.

Mo gbé ọwọ́ mi lé agogo náà. Plántọ̀n kì í fọwọ́ kan agogo alága. Gbogbo wọn wò mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," mo ní, "wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí yín ni."

Alága wò mí, ó wo Ìyá Ráfíù, ó bú sẹ́rìn-ín, ó fà sẹ́yìn lórí àga rẹ̀. Ìyá Ráfíù kí wọn tó bó ṣe fẹ́. Nígbà tó kí wọn tán, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní:

"Ó wá ku gọ́tà o, bàbá wa. Ihò ti wà fún èèyàn. Omi náà ń wá ọ̀nà tirẹ̀."