Orúkọ tí Sugiya ò gbọdọ̀ pè

Ọdún mẹ́tàlá ni Sugiya ti wà nílé ọkọ, orúkọ ọkọ ẹ̀ ò jáde lẹ́nu ẹ̀ rí. Lábúlé wọn, obìnrin tó bá pe orúkọ ọkọ ti gé ẹ̀mí ọkọ kúrú nìyẹn. Bí wọ́n ń jà, bí wọ́n ń ṣeré, "Bàbá Laltu" ló ń pè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ejò bu bàbá Laltu ṣán nínú oko ìrẹsì. Sugiya fi Laltu sílé ti àwọn ewúrẹ́, ó fi ọmọlanke ti ọkọ dé ọsibítù ìjọba. Ahọ́n ọkùnrin náà ti wú, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò nìkan ni Sugiya ń wá.

Akọ̀wé ojú fèrèsé ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Orúkọ aláìsàn?"

"Bàbá Laltu ni, ọ̀gá."

"Ṣé bí ìyá ẹ̀ ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, mi ò lè pè é. Ọkọ mi ni."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Akọ̀wé fẹ̀yìn ti àga, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo ará oko! Ọkọ ń kú lọ, ìyàwó ń tijú." Ó kọ "Laltu" gàdàgbà sínú ìwé. "Lọ jókòó, wọ́n á pè yín."

Sugiya ò mọ̀wé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé orí ọkọ lé itan.

Kò pẹ́ rárá tí nọ́ọ̀sì yọjú. "Laltu! Laltu dà?"

Laltu pọ̀ lágbègbè wọn bí iyanrìn. Sugiya yíjú sí obìnrin tó jókòó tì í. "Orúkọ ọmọ mi ni wọ́n ń pè yẹn. Ìyá wo ló gbọ́mọ wá tí ò dáhùn? Àwọn kan ò mà láàánú o!" Ó tiẹ̀ bá nọ́ọ̀sì pè é: "Laltu o!"

Nọ́ọ̀sì pòṣé. "Wọ́n tún ti lọ. Ará oko ò ní sùúrù." Ó fa igi lé orúkọ náà, ó kọ ọ́ síwájú ẹ̀ pé aláìsàn lọ kí wọ́n tó tọ́jú ẹ̀.

Ìgbà tó pẹ́, èémí ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ̀rù ba Sugiya, ó sáré lọ gbá fèrèsé mú. "Jagdev! Jagdev lorúkọ ẹ̀! Mo ti pè é, ẹ dákun, ẹ wá wò ó!"

Akọ̀wé fìka tọ ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Kò sí Jagdev kankan níbí."

Nígbà tó fi padà dé ìdí bẹ́ǹṣì, Jagdev ti kú.

Nílé, àwọn obìnrin bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò dárúkọ akọ̀wé, kò dárúkọ nọ́ọ̀sì. "Èmi ni mo pa á," ló ń wí. "Mo pe orúkọ ẹ̀."