Wọ́n Ní Kí N Fi Ìbàdí Mi Sílẹ̀ Jẹ́ẹ́

Ọdún kejì tí mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni ìbàdí ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà. Nígbà tó yá, n kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gé èékánná ẹsẹ̀ ara mi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti Èkó padà wá bá mi gbé ní Ìkẹ́rẹ́, ló dá ẹjọ́ náà. "Làkúrègbé ni. Jókòó s'úlé. Màámi náà jókòó nígbà tó mú wọn."

Mo mọ̀ pé Màámi jókòó. Èmi ni mo ń gbé wọn láti orí ibùsùn lọ sí balùwẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀ gan-an nìyẹn.

Dókítà tó wo àwòrán eegun mi sọ pé oríkèé ìbàdí náà ló ń gbó. Ó darí mi sí ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ aláìsàn ní eré ìdárayá ní ọsibítù. Ọmọ náà ní kí n dùbúlẹ̀, kí n ká orúnkún, kí n gbé ìdí sókè. Ó ní kí n jókòó sórí àga, kí n sì dìde láì fọwọ́ ti nǹkan kan.

"Ó ń dùn mí o."

"Mo mọ̀, Mà. Tó bá dùn yín díẹ̀, ẹ máa ṣe é lọ. Tí ìrora náà bá le, tí kò sì rọ̀ títí di ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù. Ṣùgbọ́n ẹ má dáwọ́ dúró. Ẹsẹ̀ tí a kò bá lò, ṣe ló ń gan."

Ẹ̀gbọ́n mi bá mi lórí ẹní ní pálọ̀ níjọ́ kan, ìdí mi wà lókè.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ìyá àgbà bíi tìẹ! Ṣé o fẹ́ kí eegun yẹn kán ni?"

"Tí mo bá jókòó tì í, ṣé kì í ṣe pé ó ti kán náà nìyẹn?"

Ó pòṣé, ó lọ fi ẹjọ́ mi sun ọmọ mi lórí fóònù. Ọmọ mi pè mí, ó bẹ̀ mí títí pé kí n jáwọ́. Mo ní kó pè mí padà lọ́jọ́ tí mo bá ṣubú.

Kò rọrùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo sunkún lórí ẹní yẹn. Kì í ṣe ìrora, ìbínú ni. Mo nu ojú mi, mo sì parí èyí tó kù.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ kú ní Ògòtún. Orí òkè ni ilé wọn wà, àgbàrá sì ti gbẹ́ ọ̀nà náà, nítorí náà nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ kí ọkọ rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni mọ́tò já wa sí. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta gbé àga oníke wá.

"Màmá, ẹ jókòó, a ó gbé yín."

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ta lẹ fẹ́ gbé?" ni mo bi wọ́n.

Mo gun òkè náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró sinmi lábẹ́ igi kòkó. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ jù mí lọ. Ọkọ olóògbé jáde wá pàdé mi lójúde, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, a sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ó fi sunkún tán.

Ó dùn mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, n kò ní parọ́. Dókítà ṣì ń sọ pé ó lè di iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ iwájú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ara mi ni n ó fi rìn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ náà.